Báwo ni iṣẹ́ assistant social àti alágbàwí ọ̀dọ́ ṣe ń lọ ní Kétu

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kétu ti Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n bá ti gbọ́ assistant social, ìyẹn òṣìṣẹ́ àwùjọ, ẹni tó ń pín ìrẹsì àti ọṣẹ nígbà tí mọ́tò ONG, àjọ tí kìí ṣe ti ìjọba, bá wọ̀lú ló ń wá sí wọn lọ́kàn, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ìrẹsì kọ́ niṣẹ́ yẹn o. Dósíè niṣẹ́ yẹn, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ṣí dósíè ẹnì kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tì í lọ́jọ́ kan, àárín ṣíṣí àti títì yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń mọ ẹni tó máa pẹ́ nídìí ẹ̀.

Ká ní ọmọbìnrin ọdún 12 kan wà tí wọ́n mú wá láti abúlé sọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀, kò lọ síléèwé, àárọ̀ dalẹ́ ló ń kiri omi inú ọ̀rá lọ́jà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní vidomègon káàkiri Bẹ̀nẹ̀. Aládùúgbò kan lè pe 138, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tó wà fún ọ̀rọ̀ ọmọdé, ó lè lọ bá chef quartier, ìyẹn olórí àdúgbò, ó sì lè gba Guichet Unique de Protection Sociale lọ tààrà, ìyẹn GUPS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwùjọ, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní CPS (Centre de Promotion Sociale) torí orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Níbẹ̀ ni dósíè ti máa ṣí. Wọ́n á fọ̀rọ̀ wá ọmọ náà lẹ́nu wò, òun nìkan, àǹtí ò ní sí nítòsí, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ wo ilé tó ń gbé, wọ́n á wá bàbá àti ìyá ẹ̀ rí, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ àwọn tíṣà tó bá ti wọ iléèwé rí. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mọ̀lẹ́bí lè tún ṣe, wọ́n á ṣàdéhùn, wọ́n á sì máa yọjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ń lu ọmọ nílùkulù, tàbí tí ẹnì kan ti bá a sùn, ó ti kúrò ní ti mọ̀lẹ́bí nìyẹn, ọlọ́pàá á wọ̀ ọ́, á sì dé iwájú adájọ́ ní Pobè, torí ilé ẹjọ́ Pobè ni ọ̀rọ̀ Kétu ń lọ. Adájọ́ ló láṣẹ láti ní kí wọ́n mú ọmọ kúrò nílé yẹn. Assistant social ò ní irú àṣẹ yẹn, ẹni tó bá sì rò pé òun ní in, tó lọ gbé ọmọ olọ́mọ sẹ́yìn zémì, ìyẹn ọ̀kadà, ẹjọ́ tiẹ̀ ló ń lọ fà.

Ti Kétu tún le díẹ̀ sí i nítorí bọ́dà Ìlárá, tó pààlà pẹ̀lú Nàìjíríà. Ọmọ lè jẹun àárọ̀ ní Kétu kó jẹ tọ̀sán ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2001 ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi Etireno, tí wọ́n fura pé ó kó àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ tà, jẹ́ kí gbogbo ayé kọjú sí Kùtọnu, nígbà tó di 2003 wọ́n dá àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta padà wálé, ó sì di 2006 kí òfin tó jáde pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú ọmọdé kúrò lọ́dọ̀ òbí ẹ̀ lọ síbòmíì láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ì báà jẹ́ nínú Bẹ̀nẹ̀ níbí. Code de l'enfant, ìwé òfin ọ̀rọ̀ ọmọdé, tó jáde ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 2015 wá kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọdé jọ sójú kan. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Kétu tí kò ka òfin méjèèjì yìí, àánú nìkan ló kó wá, àánú ò sì dá ẹnikẹ́ni dúró ní bọ́dà.

Ohun tí wọn kìí sọ fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni pé ìwé kíkọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Yorùbá ni ìyá ọmọ máa fi rojọ́, á pa òwe, á sunkún, á tún ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Faransé sì ni adájọ́ Pobè máa fi ka ràpọ́ọ̀ yẹn, ìyẹn ìwé ìròyìn tí assistant social kọ. Ràpọ́ọ̀ tó sọ pé "ọmọ yìí ń jìyà" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó wúlò ni pé lọ́jọ́ báyìí, àpá mẹ́ta ló wà léjìká ọ̀tún, ọmọ ní okùn ni wọ́n fi nà án, àǹtí ní ó ṣubú ni, kí wọ́n kọ ohun tí ojú rí sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ohun tí ẹnu sọ sọ́tọ̀, kí èrò ẹni tó ń kọ ọ́ wá gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá mọ èyí ṣe dáadáa, orúkọ ẹ̀ ò ní pẹ́ dé Pobè.

Àṣírí tún wà ńbẹ̀. Kétu ò tóbi, lọ́jà báyìí ẹnì kan á dá òṣìṣẹ́ dúró pé "àbúrò, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa ilé Lágbájá?" Ìdáhùn ẹ̀ ò ju "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni", kí wọ́n sì tún béèrè àlàáfíà ilé kí ojú má bàa le.

Fún ìkẹ́kọ̀ọ́, báàkì, ìwé ẹ̀rí ìparí iléèwé girama, ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi èèyàn. ENAM, iléèwé tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ní yunifásítì Abomey-Calavi ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn assistants sociaux tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ló wà lọ́kàn ẹ̀, INJEPS, iléèwé ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti eré ìdárayá, wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn kan rò pé bọ́ọ̀lù àti eré sísá nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ àmọ́ wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ọ̀dọ́ àti iṣẹ́ àwùjọ náà. Àwọn míì gba ọ̀nà sociologie, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, tàbí òfin wọlé. Sitáàjì, ìyẹn ìgbà ìkọ́ṣẹ́, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Sitáàjì tí èèyàn fi ń po tíì fún ọ̀gá, tó ń ṣe fọtokópì, ìwé ẹ̀rí lásán ló máa bí, àfi kí ẹni náà fúnra ẹ̀ ní òun fẹ́ bá wọn lọ ságbo ilé, òun fẹ́ kọ ràpọ́ọ̀ kí wọ́n bá òun fi bírò pupa sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba wà, ONG wà. Ti ìjọba, kọ́ńkúù, ìdánwò ìgbaniṣẹ́, ni, wọ́n sì lè gbé ọmọ Kétu lọ sí Malanville níbi tí wọ́n ti ń sọ Dendi, kó lọ bẹ̀rẹ̀ èdè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ONG, owó lè dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìgbà tí proje bá parí niṣẹ́ parí, torí náà àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gba ìwé ẹ̀rí gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí ọ́fíìsì tó tì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó dósíè tí kò tíì parí fún GUPS. Àwọn kan kìí ṣe é, wọ́n á ta tábìlì, wọ́n á fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ìwà burúkú gbáà ni.

Iṣẹ́ alágbàwí yàtọ̀ díẹ̀. Assistant social ń wo ọmọ kan, alágbàwí ń wo ohun tó ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti òfin Bẹ̀nẹ̀, ọmọdé lẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ní ti Charte africaine de la jeunesse, àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ọ̀dọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Banjul lọ́dún 2006, ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 15 dé 35, nítorí náà ọmọṣẹ́ télọ̀ ọmọ ọdún 16 wà nínú méjèèjì, alágbàwí tó gbọ́n á di ibi tó bá lágbára jù mú. Ní Kétu, kí ẹnì kan bọ́ síta kó sọ àléébù ìlú ò ṣàjèjì, àwọn akọrin Ẹ̀fẹ̀ ti ń ṣe é lóru eégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ látọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n kàn ń fi orin ṣe é ni, kò sí ẹni tó ń mú wọn. Àmọ́ orin ò kọ iye owó sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á tẹ fílà, wọ́n á lọ ṣe ìwọ́de níwájú mairie, ọ́fíìsì kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀), wọ́n á máa pe mérè, olórí kọ́múùnù. Láti ìgbà tí code de l'administration territoriale, òfin ìṣàkóso ìbílẹ̀, ti jáde níparí 2021, secrétaire exécutif, òṣìṣẹ́ àgbà kọ́múùnù, ló ń fọwọ́ sí ìnáwó kọ́múùnù, ẹni náà ló yẹ kí lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú. Kó sì tó di pé wọ́n dìbò sí bọ́jẹ́ẹ̀tì níparí ọdún ni, torí tó bá ti di oṣù kìíní, owó ti ní orúkọ. Ohun tí wọ́n ń tọrọ sì gbọ́dọ̀ kéré tó, kó sì hàn tó: kìí ṣe "ẹ ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́", bí kò ṣe pé kí kọ́múùnù sanwó ìdánwò CQM, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, fún àwọn ọmọṣẹ́ tí òbí wọn ò lówó, iye wọn rèé, arrondissement, apá kọ́múùnù, tí wọ́n wà rèé. Tí wọ́n bá sì ti fi í sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tán, ó di kí ẹnì kan máa lọ béèrè lóṣooṣù pé ṣé owó yẹn ti jáde, ẹni yẹn sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ mairie pa mọ́ nílé.