Kí Ẹ Tó Ra Táìlì Balùwẹ̀, Ẹ Wo Ọ̀nà Omi

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe, ṣọ́ọ̀bù táìlì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Wọ́n á ti yan àwọ̀, wọ́n á ti sanwó, kí púlọ́ńbà tó dé wá sọ pé ibi tí wọ́n fẹ́ gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sí kò ṣeé ṣe. Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ló yẹ ká wò ṣáájú ohunkóhun.

Páìpù àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 100 tàbí 110, ó sì gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá gbé àwo náà jìnnà sí páìpù àgbà ní mítà 3, páìpù yìí á ti lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6 sí 7.5 kó tó débẹ̀. Ẹ ní láti fọ́ ilẹ̀ nìyẹn, tàbí kí ẹ gbé ilẹ̀ balùwẹ̀ ga. Bí ẹ bá jẹ́ kí páìpù náà tẹ́jú, omi á lọ, ìgbẹ́ á dúró, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dí. Lójú tèmi, ẹ fi àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Bẹ́sìnnì ìfọwọ́ ni kí ẹ máa gbé kiri, torí páìpù tirẹ̀ kéré, mìlímítà 32 tàbí 40 péré. Láti àárín àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sí ògiri ẹ̀gbẹ́, kó má dín ní sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ fi 60 sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé táìlì kì í dá omi dúró. Grout, ìyẹn àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń dí àlàfo àárín wọn, ń fa omi wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà adènà omi tí wọ́n kùn sábẹ́ táìlì ló ń dá a dúró, òun náà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fò dá nítorí pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹ ní kí wọ́n fi símẹ́ǹtì àti yanrìn tẹ́ ilẹ̀ ibi ìwẹ̀, kó dà gẹ̀rẹ́ síbi ihò omi ní sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 2 lórí mítà kan. Tó bá ti gbẹ, kí wọ́n lẹ téèpù adènà omi mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ àti yíká ihò náà, kí wọ́n wá kun ọ̀dà náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá lọ lóròó, kí èkejì lọ ní ìbú, kí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì fò má bàa ṣẹ́kù. Kó gun ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 15 yíká balùwẹ̀. Níbi ìwẹ̀ gan-an, kó ga tó mítà 2.

Lẹ́yìn náà, ẹ dí ihò omi, ẹ pọn omi sílẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sójú ibi tó dé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, tàbí tí àjà yàrá ìsàlẹ̀ bá rin, ọwọ́ ò tíì bọ́: ọ̀dà nìkan lẹ máa tún ṣe, kì í ṣe táìlì.

Táìlì wá kàn báyìí. Ẹ yí i dojúdé, kí ẹ kán omi sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó fa omi náà mu kíákíá, ti ògiri ni. Táìlì porcelain, irú èyí tó le tó sì ki, kì í mu omi tó ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ló dára fún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé kì í mu omi, símẹ́ǹtì lásán kò lè dì í mú dáadáa. Gọ́ọ̀mù táìlì ló yẹ ẹ́. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù kún ẹ̀yìn rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Bí wọ́n bá kàn bu sójú márùn-ún, inú rẹ̀ á ṣófo, omi á kóra jọ síbẹ̀, etí táìlì á sì ṣẹ́ bí nǹkan bá já lé e. Ẹ fi ìka kàn án lẹ́yìn tó bá gbẹ. Ẹ máa gbọ́ ibi tó ń dún pó.

Nílẹ̀ ibi ìwẹ̀, ẹ má lo táìlì dídán, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ R10 tàbí R11 sí, ìyẹn àmì tó ń fi bí táìlì ṣe ń dènà yíyọ̀ hàn. Táìlì kékeré ló tún dára níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin kò lè gba táìlì gbọ̀ngbọ̀nràn láìjẹ́ pé wọ́n gé e. Ní kọ̀rọ̀ tí ògiri ti pàdé, silicone, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń fà bíi rọ́bà, ni kẹ́ ẹ fi dí i, kì í ṣe grout, torí ògiri máa ń mì díẹ̀, grout á sì sán. Ẹ ra táìlì lé ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára páálí sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ilé ìdáná kò le tó báyìí. Gíga tábìlì ìdáná: ẹ wọn ìgúnpá ẹni tó ń dáná jù, kí ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 kúrò. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá kọjú síra, kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 100 sí 120. Ní ti òkúta orí tábìlì náà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ ojú mábù, kì í sì í ṣeé nù kúrò. Gíránáìtì kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Abẹ́ sìǹkì ni kọ́bọ́ọ̀dù ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́: pákó MDF (èyí tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe) tí wọn ò lẹ etí rẹ̀ pa á mu omi, á sì wú. Ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà lé ẹsẹ̀ oníke tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí omi tó bá dà sílẹ̀ má bàa kan pákó.