Fọ́tò nìkan kò tó: fún ẹ̀yin tó ń kó yúnìtì jọ lórí iṣẹ́ wáyà ilé

Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún NSQ (National Skills Qualification, ìwé-ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́) ti iṣẹ́ wáyà ilé láti ọdún tó kọjá yóò pòórá. Ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò dé, yóò wá na fóònù sí asẹ́sọ̀, ẹni tó ń wò ó bóyá ó mọṣẹ́: "Ọ̀gá, gbogbo ẹ̀rí wà nínú ẹ̀ o." Kí lẹ ó bá níbẹ̀? Sókẹ́ẹ̀tì lára ògiri, gílóòbù tó ń tàn, àti fọ́tò kan tí wọ́n mú láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ ẹni tó ni ín ṣì hàn gedegbe lára rẹ̀. Ọwọ́ ta ló ṣe iṣẹ́ náà? Ọlọ́run ló mọ̀.

Lóòótọ́, ìlànà NSQ tí NBTE, àjọ ìjọba lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń bójú tó fún èèyàn láyè: yúnìtì-yúnìtì ni wọ́n pín ẹ̀kọ́ náà sí. Kírẹ́díìtì kan dúró fún wákàtí 10, nítorí náà yúnìtì oníkírẹ́díìtì 3 jẹ́ ẹ̀kọ́ wákàtí 30, bóyá ọ̀sẹ̀ kan lẹ fẹ́ fi ṣe é ni o, bóyá Sátidé mélòó kan ni. Ẹ lè dúró ná kí ẹ lọ wá owó, kí ẹ padà wá bá yúnìtì tó kàn. Kò sí máàkì níbẹ̀: ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Àkókò ni wọ́n dẹ̀ fún yín. Wọn ò dẹ ẹ̀rí.

Ìwé yúnìtì kọ̀ọ̀kan ti to ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà: 1.1, 1.2, 2.3. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni kí ẹ máa lé. Fọ́tò mẹ́ta fún iṣẹ́ kan: kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ọwọ́ yín wà lórí rẹ̀, ìgbà tó parí, kí ojú yín hàn nínú ti àárín. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò lásán, torí ó máa ń yọ déètì àti wákàtí tí fóònù kọ sínú fáìlì kúrò; bíi dókúmẹ́ǹtì ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Fọ́tò ibi tí ẹ ti ń pa méènì (súìṣì àgbà tó ń já gbogbo iná ilé) kí ẹ tó ṣí bọ́ọ̀dù lè gbè yúnìtì ààbò àti yúnìtì wáyà pa pọ̀, bí ẹ bá kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti ẹlẹ́rìí ńkọ́? "Mo jẹ́rìí pé ọmọ dáadáa ni." Lẹ́tà pásítọ̀ nìyẹn. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fojú rí, ọjọ́ àti ibi tó ti rí i, iṣẹ́ tí òun alára ń ṣe àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ìyàwó yín kọ́. Àbúrò yín kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú jù ni títẹ́ẹ̀sì wáyà. Wọ́n á tan gílóòbù, á tàn, wọ́n á ní àwọn ti tẹ́ẹ̀sì. Gílóòbù á tàn lórí wáyà tí ara rẹ̀ ti bó! Mẹ́gà, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ara wáyà ṣe ń dènà iná tó, ni kí ẹ lò. Ẹ pa méènì, ẹ rí i dájú pé kò síná níbẹ̀. Ẹ yọ gílóòbù àti gbogbo ẹ̀rọ tó wà lára sókẹ́ẹ̀tì, torí 500 V tí mẹ́gà ń rán wọlé lè ba tinú wọn jẹ́, wọ́n sì lè fa ìwọ̀n wálẹ̀ títí wáyà tó dára á fi dà bí èyí tó bàjẹ́. Ẹ fi súìṣì gílóòbù sílẹ̀ ní títàn, kí mẹ́gà lè ka wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárín live (wáyà tó ń gbé iná wọlé) àti neutral (èyí tó ń dá a padà), live àti earth (èyí tó wọ ilẹ̀), neutral àti earth. Fún iná 230 V, ohun tí mẹ́gà kà kò gbọdọ̀ dín ní 1 MΩ (megaohm). Wáyà tuntun tó dára máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Àwọn kan a ya fọ́tò mẹ́gà tó ka 0.3 MΩ, wọ́n a kọ "ó dára" sábẹ́ rẹ̀. Èèyàn ló máa sùn nínú ilé yẹn o! Bóyá ìṣó ti gún wáyà lábẹ́ písítà, bóyá omi ti wọ ibi tí wọ́n ti so ó. Ẹ pín sákíìtì (ọ̀wọ́ wáyà tí ẹ ń wọ̀n) sí méjì, ẹ wọn apá kọ̀ọ̀kan, ẹ tún pín apá tó burú, títí ẹ ó fi ká a mọ́. Ẹ ya fọ́tò ìwọ̀n tó burú, ti àtúnṣe, àti ti ìwọ̀n tuntun. Asẹ́sọ̀ tó mọṣẹ́ á mọ rírì mẹ́ta yẹn ju àìmọye "ó dára" lọ. Ẹni tó bá sì ní òun ò nílò mẹ́gà, pé òun ní oǹdè tí iná ò fi lè gbé òun, ṣé oǹdè náà á dúró ti ọmọ onílé lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ kan ara fíríìjì?

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù tipẹ́, ẹ lè ní kí wọ́n ka ìmọ̀ tí ẹ ti ní mọ́ ẹ̀kọ́ yín, láìjókòó kọ́ ohun tí ẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ wáyà ní ọdún 15 sẹ́yìn kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe lónìí. Ẹ kó rìsíìtì àti fọ́tò iṣẹ́ àìpẹ́ wá, kí ẹ sì múra, torí asẹ́sọ̀ á fẹ́ kí ẹ ṣe díẹ̀ lójú òun.

Àwọn tó ń polówó "Level 3 ní ọ̀sẹ̀ kan" (ìpele kẹta NSQ) wá ńkọ́? Ayédèrú ni wọ́n. Bí asẹ́sọ̀ bá fọwọ́ sí i, ẹlòmíràn wà nínú séńtà tó ń yẹ iṣẹ́ asẹ́sọ̀ wò, ẹni tí àjọ tó ń fúnni níwèé-ẹ̀rí rán wá á sì tún fa fáìlì yọ, á pe ẹni tó ni ín, á bi í léèrè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè àjọ tó fọwọ́ sí séńtà náà, àti bóyá iṣẹ́ wáyà wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí fún un. Ẹ kàn sí àjọ náà fúnra yín. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà yín. Bí wọ́n bá sọ pé kò sẹ́ni tó máa wá wò yín níbi iṣẹ́, ẹ dá owó yín padà sápò, kí ẹ máa lọ.