Ìrànwọ́ fún Ìpínlẹ̀ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Tẹ́nu: Kì í Ṣe Epo Rọ̀bì Ló Bí I

Bí ọ̀rọ̀ owó tí Àbújá ń pín bá délẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, wọn á ní epo rọ̀bì ló bí àṣà kí ìjọba àpapọ̀ máa bu kún tẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ́nu. Irọ́ ni. Àṣà náà ti dàgbà kí wọ́n tó kan epo ní Oloibiri lọ́dún 1956, àwa ará ìhà ibí sì ti ń dá sí i.

Kí Lugard tó so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ lọ́dún 1914, owó tó ń wọlé ní Àríwá kò ká ìnáwó rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó ránṣẹ́, ìjọba Gúúsù náà sì ń yọ fún un lára owó ibodè tó ń gbà ní etíkun, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ọtí òyìnbó. Ta ló ń ra ọjà wọ̀nyẹn? Ẹni tó ta epo pupa àti ekùrọ́ ni. Láti nǹkan bí 1872 tí Gómìnà Glover ti ṣí ọ̀nà Oǹdó, láti Èkó gba ojú ọ̀sà dé Oǹdó, títí dé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ọjà ti ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Mo gbà tọkàntọkàn pé owó àwọn baba ńlá wa wà nínú ìrànwọ́ àkọ́kọ́ yẹn.

Kòkó ló wá sọ ọ́ di ńlá. Ní Ìdànrè àti Oǹdó, òṣìṣẹ́ ìjọba á da kòkó jáde nínú àpò, á fi ọ̀bẹ la èso rẹ̀ sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, á wò ó bóyá ó bu. Èyí tó yege ni wọ́n ń gbé lọ sókè òkun, ìjọba á sì gba owó orí rẹ̀. Lọ́dún 1946 ni Phillipson, òyìnbó tí ìjọba ní kó wo bí a ó ṣe máa pín owó, là á kalẹ̀ pé kí wọ́n wo ibi tí owó ti wá, kí wọ́n sì wo bí ìdàgbàsókè á ṣe kárí. Nígbà tí ìpín ibi tí owó ti wá lágbára, kòkó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá fún wa ní January 1955. Nígbà tó di 1958, ìgbìmọ̀ Raisman tó tún ọ̀rọ̀ owó pínpín wò dá àpò àjọpín sílẹ̀: Àríwá gba 40 nínú 100, Ìlà-Oòrùn 31, Kamẹrúùnù tó wà pẹ̀lú wa nígbà náà 5. Ìwọ̀-Oòrùn oníkòkó gba 24 péré.

Lẹ́yìn náà ni òfin 1970 ní kí wọ́n pín ìdajì àpò yẹn lọ́gbọọgba fún ìpínlẹ̀ 12, kí wọ́n fi iye ènìyàn pín ìdajì kejì. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí olórí ẹbí bá kú, ìdí-igi ni a fi ń pín ogún, ìpín ìyàwó kan kò ju ti èkejì lọ bó ti wù kí ọmọ rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ìjà bá sì bẹ́, àwọn àgbà lè ní kí a pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye ọmọ. Àbújá kò tíì sí rárá nígbà tí a ti mọ méjèèjì.

Ìyókù kò ṣòro. Ìdá 1.5 nínú 100 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ibi tí epo wà ní 1981, ó di 3 ní 1992, òfin 1999 sì sọ ọ́ di 13 ó kéré tán. NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, dé ní 2000, Oǹdó sì wà nínú ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án rẹ̀ nítorí epo Ìlàjẹ. Àwa náà sì tún un pín nílé: ìdá 40 nínú 100 owó 13 yẹn ni òfin ìpínlẹ̀ wa yà sọ́tọ̀ fún OSOPADEC, àjọ ìdàgbàsókè àgbègbè elépo ní Oǹdó, kó lè dé Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, níbi tí òkun ti ń gba ilẹ̀ Ayétòrò.