Bí Ara Ṣe Ń Gbógun Ti Ọ̀finkìn Lásìkò Ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà bá ń gbé eruku wọ ilẹ̀ Yorùbá, ètè a máa là, imú a máa gbẹ, ọ̀finkìn a sì máa ti ilé dé ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òtútù àárọ̀ gan-an ló ń fa àìsàn náà, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, irú èyí tí ń fa ọ̀finkìn lásán nìkan sì lé ní 200. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe ni pé ó ń bá wọn ṣílẹ̀kùn.

Imú ni ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ikun tí ń fà lẹ̀ǹjẹ̀lẹ̀ǹjẹ̀ ló bo inú rẹ̀, àwọn irun tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí sì ń gbá ikun yìí, pẹ̀lú eruku àti kòkòrò tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, lọ sí ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí ènìyàn ti ń gbé e mì láìmọ̀, tí omi kíkan inú ikùn á sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kòkòrò náà. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, ikun á ki, ìgbálẹ̀ yẹn kò sì ní lè gbá a dáadáa mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, inú imú tutù ju ìyókù ara lọ: nǹkan bíi 33°C ni, nígbà tí inú ara lọ́hùn-ún jẹ́ 37°C, fáírọ́ọ̀sì ọ̀finkìn tó wọ́pọ̀ jù lọ sì máa ń pọ̀ sí i dáadáa níbi tó bá tutù díẹ̀. Ìdí nìyí tí fífi aṣọ bo imú nínú eruku àti fífi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó fi kan imú tàbí ojú fi wúlò ju bí owó wọn ṣe kéré lọ.

Fáírọ́ọ̀sì tó bá kọjá ẹnu ọ̀nà á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tín-ín-tìn-tín tí ara fi di odindi, á sì máa lo sẹ́ẹ̀lì náà láti bí irú ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ọwọ́ tẹ̀ báyìí a máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní interferon jáde, èyí tí ń kìlọ̀ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó múlé tì í pé kí wọ́n múra. Ẹ̀jẹ̀ á ya sí ibẹ̀, imú á dí, ikun á máa ṣàn, ara á sì gbóná. Àṣé ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní àìsàn. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹni tó ń sín máa rò pé àbò ara òun ti tán, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà tó ní oògùn òun ń fi kún agbára náà láìní òdiwọ̀n: ikọ́ fée pàápàá jẹ́ ara ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àbò ara bá ń bá ohun tí kò yẹ kó bá jà jà.

Lẹ́yìn ìgbèjà àkọ́kọ́ yìí, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì máa ń pẹ́ kí ó tó dé, nígbà mìíràn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n, àwọn tí ń kọ́ ìrísí ọ̀tá kan pàtó, tí wọ́n sì ń ṣe èròjà tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́ kí ó má bàa lè wọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Lẹ́yìn ìjà, díẹ̀ nínú wọn á ṣẹ́ kù tí kò ní gbàgbé. Ìrántí yìí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń fún ara láìjẹ́ pé ènìyàn kọ́kọ́ ṣàìsàn, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó múlẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì influenza, èyí tó le ju ọ̀finkìn lọ, máa ń pààrọ̀ ẹ̀wù rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ń dábàá irú èyí tí wọn yóò fi ṣe àjẹsára náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá ń gbé, ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ yìí fún ẹni tó ti pé ọdún 65 àti fún aláboyún.

Oorun ni ohun tí àwọn ènìyàn fojú kéré jù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015, wọ́n kán fáírọ́ọ̀sì ọ̀finkìn sí imú àwọn ènìyàn 164 tí ara wọn dá. Àwọn tí kì í sùn tó wákàtí mẹ́fà lóru kó ọ̀finkìn ju ìlọ́po mẹ́rin àwọn tó sùn ju wákàtí méje lọ. Fítámì C kò lágbára tó bí òkìkí rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ lè rí i pé ọ̀finkìn tètè lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dènà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì dájú pé ó ń ṣe nǹkan kan fún ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí imú ti ń ṣàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a kiri. Ọsàn àti agbálùmọ̀ tó ń pọ́n lásìkò ọyẹ́ náà ní in. Ní ti oògùn tí ń pa bakitéríà, kòkòrò tó yàtọ̀ sí fáírọ́ọ̀sì, bí ampicillin tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì nítorí ọ̀finkìn, kò lè pa fáírọ́ọ̀sì rárá.

Ìgbà tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń wúlò ni ìgbà tí bakitéríà bá gba ẹ̀yìn fáírọ́ọ̀sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀ ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú nínú àjàkálẹ̀ àrùn influenza tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú. Bí ara bá fẹ́ yá tán tí ibà tún padà, tàbí tí mímí di wàhálà, ilé ìwòsàn ló kù, kí dókítà fúnra rẹ̀ yẹ àyà náà wò.