Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀: ọ̀nà tó ń gbà wọlé àti ọ̀nà tó ń gbà jáde

Ìgbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan mìíràn ni wọ́n sábà máa ń rí i. Èèyàn lọ ṣe skáànù nítorí inú rírun, ìwé àbájáde wá sọ pé ọ̀rá ti wà nínú ẹ̀dọ̀, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní fatty liver. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í sábà dunni. Bó bá tiẹ̀ máa fara hàn, àárẹ̀ ṣáá ni, tàbí kí abẹ́ ìhà ọ̀tún máa wúwo díẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra ẹ̀dọ̀ màlúù lọ́jà mọ bó ṣe yẹ kí ẹ̀dọ̀ rí: ó pọ́n dúdú, ó ki, etí rẹ̀ mú. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún máa ń wú, etí rẹ̀ á kú, àwọ̀ rẹ̀ á di ti ìyeyè, tí ọ̀bẹ bá sì là á, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀bẹ. Bí ọ̀rá bá ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó lé ní 5 nínú 100, àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ló wà, róbóróbó bí epo tó léfòó lójú ọbẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀dọ̀, nítorí náà kò sí àgbo tó lè fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló máa palẹ̀ àgbo ọ̀hún mọ́, àwọn àgbo kan sì máa ń ṣe é léṣe.

Ọ̀nà mẹ́ta lọ̀rá ń gbà wọ ibẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù kò wá látinú abọ́ oúnjẹ. Ọ̀dọ̀ ọ̀rá tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ló ti ń wá. Lẹ́yìn oúnjẹ, insulin, èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ló máa ń dá ọ̀rá ara dúró síbi tó wà. Tí ara kò bá gbọ́ràn sí insulin mọ́, bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá á máa jò sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sántòru, ẹ̀dọ̀ á sì máa gbà á sílé. Bí ìdá 60 nínú 100 ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi ṣúgà ṣe bí ìdá 25. Ọ̀rá inú oúnjẹ kò ju bí ìdá 15 lọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń yọ ọ̀rá ara ẹran dànù, àmọ́ tó ń fi ẹlẹ́rìndòdò jẹun lójoojúmọ́, kì í fi í rí ìyàtọ̀. Ìgò 50 cl tí ṣúgà gíráàmù 10 bá wà nínú 100 ml rẹ̀ ti gbé gíráàmù 50, bíi kúbù ṣúgà 12. Bí ìdajì ṣúgà yìí ni fructose, irú ṣúgà tó tún wà nínú èso, ẹ̀dọ̀ ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọtí náà ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe ọ̀rá sí i, kò sì ní jẹ́ kó ráyè sun èyí tó wà nílẹ̀.

Àyẹ̀wò ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. ALT, èròjà ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, lè dáa lórí ìwé kí ọ̀rá sì kún ẹ̀dọ̀. Skáànù kì í sábà rí ọ̀rá tí kò tíì tó ìdá 20, kò sì lè sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ti ń dápàá. Àpá yìí gan-an ló yẹ ká máa bẹ̀rù. Ìṣirò FIB-4 ló ń fún wa ní òye nípa rẹ̀, ohun tó sì nílò kò ju èsì ẹ̀jẹ̀ lásán lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni ọdún 48 tí AST rẹ̀ (èròjà mìíràn bíi ALT) jẹ́ 42, tí ALT jẹ́ 49, tí platelet (sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) sì jẹ́ 240. Ọjọ́ orí lọ́nà AST jẹ́ 2016. Wá nọ́ńbà tí a bá fi lọ́nà ara rẹ̀, tó máa jẹ́ ALT: 7 ni, torí 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49. 7 lọ́nà 240 jẹ́ 1680. Fi 1680 pín 2016, ó di 1.2. Tí kò bá tó 1.3, kò dà bíi pé àpá ńlá wà. Tó bá ju 2.67 lọ, kí ó tètè rí dókítà ẹ̀dọ̀. Àwọn tó bá bọ́ sáàárín ni FibroScan, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó, wà fún. Fún ẹni tó ti lé ní 65, 2.0 ló máa rọ́pò 1.3, ìṣirò náà kò sì ṣe é gbára lé fún ẹni tí kò tíì pé 35. Nílẹ̀ Nàìjíríà, kí wọ́n má gbàgbé àyẹ̀wò hepatitis B, torí ó wọ́pọ̀, ó sì lè wà pẹ̀lú ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ kan náà.

Ọ̀rá yìí ń jáde o. Ẹni tó wọn kílò 90, tó bá din kílò 4.5 kù, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti máa fà. Tó bá tó kílò 6.3 sí 9, ẹ̀dọ̀ tó ti ń wú tó ń gbóná lè rọlẹ̀. Kó má ju kílò kan lọ lọ́sẹ̀: ẹni tó bá fi ebi pa ara rẹ̀ ńṣe ló ń da ọ̀rá ikùn sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn náà ni yóò sì gbà wọ ẹ̀dọ̀. Ìrìn kánkán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, ń dín in kù kódà tí òṣùwọ̀n kò bá mì, torí iṣan á máa gba ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ì bá fi ṣe ọ̀rá. Nídìí oúnjẹ, kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀, kí omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tó tín-ín-rín náà lè ní in. Tirẹ̀ lè má ju kílò méjì sí mẹ́ta lọ kí ìyàtọ̀ tó dé.

Oògùn resmetirom tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2024 wà fún àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti ń dápàá, kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.