Ìbò tiwa ńkọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìdìbò abẹ́lé tí kóòtù fagi lé

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n búra fún gómìnà tuntun, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé gbogbo ìbò tí àwọn ará Zamfara dì fún ẹgbẹ́ APC ti ṣòfò. Kì í ṣe pé àwọn olùdìbò jí àpótí gbé. Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dé ibẹ̀ rárá, ni kóòtù ní kò bófin mu. Láti ìgbà náà, bí ìròyìn bá ti jáde pé kóòtù kan fagi lé ìdìbò abẹ́lé, ohun kan náà làwọn èèyàn máa ń béèrè: ìbò tiwa ńkọ́? Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ nìyí, àti ìdáhùn wọn.

Kí ni ìdìbò abẹ́lé gan-an?

Òun ni ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń mú ẹni tí yóò gbé àsíá wọn. Lábẹ́ Òfin Ìdìbò ọdún 2022, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fún wọn láyè láti gbà ṣe é: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí àwọn aṣojú dìbò, tàbí kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnì kan, kí àwọn tó kù sì kọ̀wé pé àwọn yọ̀ǹda fún un.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Zamfara?

Ìjà abẹ́lé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Gómìnà Abdulaziz Yari àti àwọn tirẹ̀ wà lápá kan, Sẹ́nétọ̀ Kabiru Marafa àti àwọn tirẹ̀ wà lápá kejì. INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ti fi ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ṣe gbèdéke fún gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tí gbèdéke náà kọjá, INEC kọ̀wé sí APC pé àwọn ò rí ìdìbò abẹ́lé kankan tó wáyé ní Zamfara, nítorí náà ẹgbẹ́ náà ò ní lè fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ méjì dájọ́ lọ́jọ́ kan náà, ìdájọ́ wọn sì ta kora: èyí tó wà ní Zamfara ní ìdìbò abẹ́lé wáyé, èyí tó wà ní Àbújá ní INEC ló jàre.

INEC padà fi APC sórí ìwé ìdìbò nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, àwọn èèyàn tò sórí ìlà, wọ́n sì dìbò. Mukhtar Shehu Idris ti APC ní ìbò 534,541. Bello Matawalle ti PDP ní 189,452. Ìbò ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìkejì. Kí oṣù náà tó parí, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Sókótó dojú ìdájọ́ ti Zamfara dé, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i lóṣù Karùn-ún. Matawalle ni wọ́n búra fún ní ọjọ́ 29.

Kì í sì í ṣe ipò gómìnà nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. Ó kan ìjókòó sẹ́nétọ̀ mẹ́ta, ti aṣojú-ṣòfin méje l'Ábùjá, àti ìjókòó 24 nílé aṣòfin ìpínlẹ̀. Yari fúnra rẹ̀, tó ti wọlé sẹ́nétọ̀, pàdánù tirẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, Matawalle fi PDP sílẹ̀, ó sì bọ́ sínú APC. Ẹgbẹ́ tí kóòtù da ìbò rẹ̀ nù wá ní gómìnà, ẹgbẹ́ tí kóòtù gbé gómìnà fún sì pàdánù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi olùdìbò kankan ní Zamfara léèrè, lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé ipò fún ẹni tó ṣe ipò kejì?

Ohun tí kóòtù wí ni pé ẹgbẹ́ tí kò ṣe ìdìbò abẹ́lé tó bófin mu kò ní olùdíje. Ẹgbẹ́ tí kò sì ní olùdíje kò sí nínú ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì rẹ̀ wà lórí ìwé ìdìbò. Ìbò tí wọ́n dì fún un kò lẹ́ni tó ni ín. Nínú ìbò tó kù, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, tó sì ní iye tí òfin béèrè káàkiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ló wọlé.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé àwọn adájọ́ kàn fẹ́ fi ìyà jẹ ará ìlú. Ẹ wo ọmọ ẹgbẹ́ tó fowó ra fọ́ọ̀mù, tó rìn kiri gbogbo wọ́ọ̀dù, tí àwọn alágbára sì kọ orúkọ ẹlòmíì ránṣẹ́ sí INEC. Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ṣe tiwọn kí gbèdéke tó pé. Bí kóòtù bá ní kò séwu, torí pé ìbò ti pọ̀, gbogbo gómìnà tó bá lágbára ni yóò máa fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹni tó wù ú, tí yóò sì máa fi èrò púpọ̀ bo òfin mọ́lẹ̀. Ìdí pàtàkì nìyẹn. Àmọ́ ẹgbẹ́ ló ṣẹ̀, olùdìbò ni wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ló ni ìbò, ẹgbẹ́ ni àbí olùdíje?

Ẹjọ́ Rotimi Amaechi ló dáhùn èyí, ó sì yẹ ká rọra tọ́ ọ wò, torí òun ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ohun tó ń dà wá láàmú lónìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, Amaechi borí nínú ìdìbò abẹ́lé PDP ní ìpínlẹ̀ Rivers láti díje fún ipò gómìnà. Ààrẹ ìgbà náà, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, sọ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ní kélẹ́ẹ̀gì nínú, ìyẹn ni pé ó ti wọ́. Ẹgbẹ́ yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi Celestine Omehia rọ́pò. Omehia ló díje lóṣù Kẹrin ọdún 2007, òun ni INEC kéde, òun ni wọ́n búra fún lóṣù Karùn-ún. Gbogbo ìgbà yìí ni Amaechi wà ní kóòtù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2007, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé lójú òfin, Amaechi ni olùdíje PDP látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n búra fún un. Nínú àlàyé tí Adájọ́ George Oguntade kọ, ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wá ìbò, nítorí náà ẹgbẹ́ ni àwọn èèyàn dìbò fún.

Wọ́n rẹ́ Amaechi jẹ lóòótọ́, kóòtù sì dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n ará Rivers tó tẹ̀ka nítorí Omehia rí ẹlòmíì lórí àga. Òfin Ìdìbò ọdún 2010, àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa ní 2018, wá kà á léèwọ̀ fún kóòtù láti kéde ẹni tí kò kópa nínú gbogbo ìpele ìdìbò.

Ẹ wá fi Rivers wé Zamfara. Ní Rivers, torí pé ẹgbẹ́ ló ni ìbò, ìbò náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò díje. Ní Zamfara, torí pé ẹgbẹ́ ló ni ìbò, àṣìṣe ẹgbẹ́ ló pa ìbò náà. Nínú méjèèjì, ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó tẹ̀ka kọ́ ni kóòtù gbé yẹ̀wò.

Ṣé ìgbà gbogbo ni kóòtù máa ń da irú ìbò bẹ́ẹ̀ nù?

Rárá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le, torí àwọn ilé ẹjọ́ kì í sọ ohun kan náà. Lẹ́yìn ìdìbò 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lé àwọn tí PDP fà kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Plateau kúrò nípò, wọ́n ní ẹgbẹ́ náà kò tẹ̀lé àṣẹ kóòtù lórí bó ṣe yan àwọn aṣáájú rẹ̀, nítorí náà kò lè fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Gómìnà Caleb Mutfwang wà lára wọn. Ó gba Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n dá a padà: ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹgbẹ́ ni, ẹgbẹ́ mìíràn ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ lé e lórí.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n bá pè lẹ́yìn ìdìbò lórí ìjókòó àwọn aṣòfin kì í kọjá ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógún ṣe pàdánù ìjókòó wọn lórí ẹ̀sùn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Adájọ́ Inyang Okoro sọ lọ́jọ́ náà pé ohun tó ń ká òun lára ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti jìyà nítorí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè dá ìjókòó wọn padà fún wọn, tàbí kí wọ́n dá aṣojú padà fún àwọn tó dìbò fún wọn.

Kí ló dé tí ẹjọ́ kì í fi parí kí ọjọ́ ìdìbò tó pé?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti 2018, ìwé òfin fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ lórí ìdìbò abẹ́lé ní ọjọ́ 14. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 180 láti dájọ́. Ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 14 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ilé ẹjọ́ náà sì ní ọjọ́ 60. Bákan náà ni ti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Bí gbogbo wọn bá lo àkókò wọn pé, ọjọ́ 342 nìyẹn.

Fún ìdìbò ọdún 2023, INEC fún àwọn ẹgbẹ́ di ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2022 láti parí ìdìbò abẹ́lé. Ìdìbò ààrẹ wáyé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023. Ọjọ́ 261 ló wà láàárín méjèèjì. Ẹjọ́ tó bófin mu pátápátá, tí adájọ́ kankan ò fi falẹ̀, ṣì lè kọjá ọjọ́ ìdìbò. Àwọn tó kọ òfin ló fi àlàfo náà sílẹ̀, àwọn náà ló sì lè dí i.

Kí ló wá tọ́ lójú tìrẹ?

Kí ẹjọ́ ìdìbò abẹ́lé parí pátápátá kí wọ́n tó tẹ ìwé ìdìbò. Ní 2019 kan náà, kóòtù ò jẹ́ kí APC wà lórí ìwé ìdìbò gómìnà ní Rivers. Ó dun àwọn alátìlẹ́yìn wọn, àmọ́ wọ́n mọ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó dé, wọ́n sì ráyè wá ẹlòmíì tí wọ́n fẹ́. Àwọn ará Zamfara ò rí irú àǹfààní yẹn.

Bí ẹjọ́ bá wá kọjá ọjọ́ ìdìbò, tí kóòtù sì rí i pé ẹgbẹ́ tó borí ṣẹ̀, kí wọ́n tún ìdìbò ṣe láìsí ẹgbẹ́ náà níbẹ̀. Ìyà á jẹ ẹgbẹ́, olùdìbò á sì tún rí àyè sọ tẹnu rẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò gbówó, yóò sì gba àkókò. Síbẹ̀, kí èèyàn fi ìbò 189,452 jẹ gómìnà lórí àwọn tó ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ tí wọ́n kọ̀ ọ́, mi ò lè pè é ní ìfẹ́ ará ìlú. Ó dùn mí pé ọ̀nà ẹni kejì yìí ni Òfin Ìdìbò ọdún 2022 tún tọ̀: bí wọ́n bá sọ lẹ́yìn ìdìbò pé ẹni tó borí kò yẹ lẹ́ni tó ń díje, ẹni tí ìbò rẹ̀ tẹ̀ lé e ni kí wọ́n kéde.

Ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá?

Ó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Rótìmí Akérédolú ti APC borí Eyitayọ Jẹ́gẹ́dẹ́ ti PDP ní Oǹdó. Jẹ́gẹ́dẹ́ ní Mai Mala Buni, tó jẹ́ gómìnà Yobe tó sì tún jẹ́ alága fìdíhẹ APC, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fa Akérédolú kalẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2021, nílé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, adájọ́ mẹ́rin ní Akérédolú ló jàre, mẹ́ta ní Jẹ́gẹ́dẹ́ ni. Bí adájọ́ kan ṣoṣo bá yí ohùn padà, gómìnà tí Oǹdó dìbò fún ì bá ti kúrò lórí àga.

Ṣé èmi olùdìbò lè pe ẹjọ́ lórí ìdìbò abẹ́lé?

Rárá, àfi bí ẹ bá wà lára àwọn tó díje nínú rẹ̀. Òfin ọdún 2010 jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹjọ́ bó bá gbà pé olùdíje kọ irọ́ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí INEC; ti 2022 fi èyí náà mọ sọ́dọ̀ àwọn tó díje nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú ni wọ́n tì yẹn.

Ẹjọ́ wà lórí ẹni tí mo fẹ́ dìbò fún. Ṣé kí n kúkú jókòó sílé?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kóòtù fagi lé ìdìbò abẹ́lé tó gbé Dauda Lawal jáde láti díje fún ipò gómìnà Zamfara nínú PDP ní 2022, ìkejì sì jẹ́ lóṣù Kọkànlá. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà lóṣù Kìíní ọdún 2023, ó sì borí Matawalle tó wà lórí àga lóṣù Kẹta. Ká ní àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ti sọ̀rètí nù lóṣù Kọkànlá, kò ní wọlé.

Kí wá ni mo lè ṣe?

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ rí i pé orúkọ yín wà nínú ìwé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì lọ sí ìpàdé tí wọ́n ti ń yan aṣojú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá wàhálà tó máa di ẹjọ́ sílẹ̀, àwọn tó sì máa ń wá síbẹ̀ kì í pọ̀. Bí ẹ ò bá sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ẹ wo orúkọ àwọn olùdíje nígbà tí INEC bá lẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ìbò yín bóyá ẹjọ́ wà lórí tiwọn, àti ibi tó dé. Ẹ bi àwọn aṣòfin yín pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n bá wá polongo, ohun tí wọ́n ṣe nípa ọjọ́ 342 yẹn.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù jù?

Ẹgbẹ́ tó ti mọ̀ pé òun ò lè borí níbi àpótí, tó wá ń fi gbogbo agbára wá àléébù sínú ìwé ẹgbẹ́ kejì.

Bí wọ́n bá ní ká tún ìdìbò ṣe, ṣé mo máa gba káàdì tuntun?

Rárá, káàdì tó wà lọ́wọ́ yín náà ni.