Bí ẹ́sásáìsì ṣe ń di bárakú fún ẹni tó ní cystic fibrosis

Kí ẹni tó ní cystic fibrosis tó kúrò nílé láàárọ̀, iṣẹ́ tó ti ṣe kì í ṣe kékeré. Ó ti fa inhaler, ó ti jókòó ti nebuliser, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu téèyàn lè fà símú, tó ń kùn bí oyin, ó ti húkọ́, ó ti tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dà nù, ó ti ka kápúsù tó máa gbé mì pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀, àwọn míì tiẹ̀ tún ti gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì torí àìsàn yìí máa ń fa ìtọ̀ ṣúgà. Tó bá wá dé kílíníìkì, físíò (ẹni tó ń fi ìdárayá àti mímí tọ́jú èèyàn) á bi í pé, "ẹ́sásáìsì ńkọ́?" Kò sí ẹni tí wọn ò tíì sọ fún pé ẹ́sásáìsì dáa. Ibi tí wàhálà wà ni bó ṣe máa pẹ́ kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àìsàn yìí ò wọ́pọ̀ láàárín wa, torí náà ká ṣàlàyé ẹ̀ ráńpẹ́. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní CFTR ni kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọdún 1989 ni wọ́n rí i. Bí ọmọ ṣe ń jogún ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti AS àti AS tí gbogbo wa mọ̀: bàbá gbé ẹyọ kan, ìyá gbé ẹyọ kan, nǹkan kan ò ṣe àwọn méjèèjì, àmọ́ nínú oyún mẹ́rin, ọ̀kan lè mú méjèèjì. CFTR yìí dà bí ẹnu ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà kọjá nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibi tí iyọ̀ bá sì gbà lomi máa ń tẹ̀ lé e. Tí ẹnu ọ̀nà yẹn bá ti bàjẹ́, omi ò ní tó mọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó yẹ kó máa yọ̀ jáde wẹ́rẹ́ á wá ki bíi gọ́ọ̀mù, á lẹ̀ mọ́ inú, kòkòrò àìsàn á sì rí ilé gbé. Ohun kan náà ló ń dí ọ̀nà omi tó ń da oúnjẹ nínú ikùn, ìdí tí wọ́n fi ń gbé kápúsù yẹn mì nìyẹn. Ní UK àwọn tó ní in lé ní 11,000, ní Amẹ́ríkà wọ́n sún mọ́ 40,000. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú náà ń ní in, ohun tó sì ń bí èèyàn nínú níbẹ̀ ni pé dókítà míì ò ní ronú kàn án rárá tó bá rí ọmọ dúdú tó ń húkọ́. (Láti 2007 ni gbogbo UK ti ń yẹ ọmọ tuntun wò fún un, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ yẹn.)

Kí wá ni ẹ́sásáìsì fẹ́ ṣe sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti lẹ̀? Ẹ wo ọmọ ọdún méje lórí trampoline, torí àwọn físíò fẹ́ràn trampoline fún ọmọdé gan-an. Ó ń fò sókè sódò, kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, èémí yẹn ń wọlé jìn ju ti ẹni tó jókòó lọ, afẹ́fẹ́ á gba àwọn ojú ihò kéékèèké wọ ẹ̀yìn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kó lè tì í síwájú. Gbogbo ìgbà tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá balẹ̀, àyà á mì. Nǹkan míì tún ń ṣẹlẹ̀ tí ojú ò rí: tára bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà tí ara fi ń fa iyọ̀ pa dà kúrò lójú ẹ̀dọ̀fóró máa ń dẹwọ́ díẹ̀, omi á ṣẹ́kù síbẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á rọ̀. Lẹ́yìn náà ìyá ẹ̀ á ní kó dúró, kó la ẹnu, kó tú èémí jáde "háà" bí ẹni tó fẹ́ fi èémí bo gíláàsì ojú kó tó nù ún, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ó gbọ́ ọ láyà ẹ̀, ó ń dún kàràkàrà bíi nǹkan tó fẹ́ tú. Ikọ́ á gbé e, á tu ú sínú tíṣù, ó tún ti fò padà sórí trampoline. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé òun ń gba ìtọ́jú, eré ló ń ṣe. Àmọ́ ká má ṣi ara wa lọ́nà o, ẹ́sásáìsì nìkan kì í dípò fífa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde àfi tí físíò tó mọ àyà ẹni náà bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni iṣẹ́ kan tó jáde lọ́dún 1992. Wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 109 fún ọdún mẹ́jọ ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn bí ara kálukú ṣe lè lo afẹ́fẹ́ tó tó bá ń sá eré lórí ẹ̀rọ. Nínú àwọn tí ara wọn gbé e jù, 83% ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, àwọn tó wà láàárín jẹ́ 51%, àwọn tó kéré jù 28%. Òótọ́ ni pé ẹni tí àìsàn ti mú gan-an ò ní lè sáré níbẹ̀rẹ̀, torí náà kò fi hàn pé eré sísá nìkan ló gbà wọ́n là, àmọ́ látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ amáralókun lásán.

Ó dáa, kí ló dé tí kì í pẹ́? Torí ètò tí wọ́n ń fún wọn, ètò ẹni tára ẹ̀ dá ṣáṣá ni. Ẹnì kan á sanwó jíìmù ní January, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, wákàtí kan kan, ọ̀sẹ̀ kẹta àyà á ṣe é, wọ́n á fi antibáyótíìkì sí i lára, ó di February ó ti gbàgbé káàdì jíìmù sínú dúrọ́à. Ká tiẹ̀ wá ní àìsàn ò dé, ikọ́ ńkọ́? Láti ìgbà Kòrónà, ẹni tó bá húkọ́ ní jíìmù, àwọn èèyàn á wo ojú ẹ̀, wọ́n á sún. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin ìtọ̀ máa ń já díẹ̀ tí wọ́n bá fò tàbí húkọ́, wọn ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á kàn ní "mi ò ráyè" kó tán. Físíò tó mọṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ béèrè, torí iṣan ibẹ̀ ṣeé kọ́ lágbára.

Iyọ̀ náà wà ńbẹ̀. Lọ́dún 1948 ooru mú ní New York débi pé ó ń dá èèyàn wó, àwọn ọmọ tó ní cystic fibrosis sì wà lára àwọn tí wọ́n gbé wá sọ́sibítù, Dókítà Paolo di Sant'Agnese wá tọ ọ̀rọ̀ yẹn débi tó fi rí i lọ́dún 1953 pé òógùn wọn níyọ̀ ju tàwọn míì lọ. Títí dòní òógùn ni wọ́n fi ń yẹ àìsàn náà wò. Ohun tó kan ẹ́sásáìsì níbẹ̀ ni pé tí iyọ̀ bá ti jáde púpọ̀, òùngbẹ kì í gbẹ wọ́n bó ṣe yẹ, ara ò ní tètè pariwo, ẹni náà á kàn rí i pé òòyì ń kọ́ òun. Òòyì ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó kó má fẹ́ rí jíìmù mọ́. Ìdí nìyẹn tí omi tó níyọ̀ àti ìpápánu fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń lo ínsúlíìnì sì ní láti wo ṣúgà wọn kọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ bárakú gan-an wá ń bọ̀. Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì UCL ní London tẹ̀ lé èèyàn 96 (kì í ṣe aláìsàn), wọ́n ní kí kálukú mú nǹkan kékeré kan tó máa ṣe lójoojúmọ́ lẹ́yìn nǹkan míì tó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, bóyá lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ó gbà wọ́n tó ọjọ́ 66 kó tó mọ́ wọn lára, àwọn kan ò ju 18 lọ, ti àwọn míì ń lọ sí 254. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 21 táwọn èèyàn ń gbé kiri ò rí bẹ́ẹ̀ o. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé pípa ọjọ́ kan jẹ ò ba nǹkan kan jẹ́.

Ṣé ẹ rí i, "lẹ́yìn nǹkan míì" yẹn ni èèkàn. Ewúrẹ́ tí wọn ò so mọ́ nǹkan á rìn lọ ni. Ẹ́sásáìsì tí wọ́n ní "màá ṣe é tí mo bá ráyè" ò so mọ́ èèkàn kankan. Ẹni tó ní cystic fibrosis sì ní èèkàn ju gbogbo wa lọ, ìtọ́jú tó ń gba àkókò ẹ̀ yẹn náà ni! Ẹ̀rọ nebuliser ń tàn, ó ń kú, lójoojúmọ́, láìyẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyí: bàtà eré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fa inhaler tó ń ṣí àyà, ó wọ bàtà. Ó gun àtẹ̀gùn ilé lọ sókè sódò bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dúró, ó ṣe "háà", ó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí àyà ti mọ́ ló wá kan antibáyótíìkì tí wọ́n ń fà sínú, torí oògùn tó bá balẹ̀ sórí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, iṣẹ́ ló bàjẹ́ yẹn. Tó bá fọ àwọn àwẹ́ ẹ̀rọ náà, tó kó wọn sínú ẹ̀rọ tó ń fi omi gbígbóná pa kòkòrò, ìṣẹ́jú tó fi ń dúró dè é yẹn ni ìdìde-ìjókòó. Kò sí wákàtí tuntun tó wá láti ibì kankan.

Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnì kan á ní ṣé ìyẹn náà ni ẹ́sásáìsì? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tó bá ti mọ́ra tán ni wọ́n á máa fi kún un, títí yóò fi dé ibi tí èèyàn lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin. Ohun tí wọ́n ń ṣe ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyà. Ijó wà ńbẹ̀, ọmọ tó bá fi ogún ìṣẹ́jú jó lẹ́yìn ilé ìwé, ẹ má wulẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ treadmill. Àwa Yorùbá tiẹ̀ ní tiwa o, tọ́mọ bá ti ń ṣàìsàn, "jókòó jẹ́ẹ́, má sáré, wàá tún máa húkọ́" ló máa ń jáde lẹ́nu wa. Níbí, ikọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Ohun tó ṣe èèyàn láàánú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé wọn ò lè ṣe é pọ̀. Ẹgbẹ́ ló máa ń gbé èèyàn ró, ọ̀rẹ́ tó ń dúró dè ẹ́ níta ló ń jẹ́ kó o jáde. Àmọ́ ẹni méjì tó ní cystic fibrosis ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, torí kòkòrò bíi Pseudomonas àti Burkholderia ń fò láti àyà ẹnì kan sí ti ẹlòmíì, ọ̀kan lè pa èkejì lára gan-an. Torí náà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹgbẹ́ wọn wà, físíò á wà lójú fídíò, kálukú á máa ṣe tiẹ̀ nílé. Tí ọ̀rẹ́ tí kò ní àìsàn náà tàbí ẹ̀gbọ́n bá wà, ìyẹn tún dáa jù.

Oògùn tuntun tó ń ran CFTR yẹn lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ tún ti yí nǹkan pa dà. Kaftrio, tí Amẹ́ríkà ń pè ní Trikafta, gba àṣẹ níbẹ̀ ní 2019, ó dé Yúróòpù ní 2020, ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn tẹ́lẹ̀ wá ń gun òkè. Àmọ́ ara tó yá yẹn ń jẹ́ káwọn kan pa ìtọ́jú tì, èèkàn wọn sì lọ pẹ̀lú ẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ní láti wá nǹkan míì so ẹ́sásáìsì mọ́, bóyá tíì àárọ̀. Àwọn kan tún wà tí oògùn náà ò ṣiṣẹ́ fún torí irú jíìnì tí wọ́n gbé, àwọn aláwọ̀ dúdú sì wà nínú wọn gan-an.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń kú ni ọjọ́ àìsàn, mo sì rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí ètò ti bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú antibáyótíìkì tó ń gba iṣan wọlé máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì, á sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo èèyàn mọ̀, kí ló dé tí kò sí nínú ìwé? Àwọn físíò tó gbọ́n ń kọ ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: ti ọjọ́ tára yá, ti ọjọ́ tára ò yá púpọ̀, ti ọsibítù. Ní ọsibítù wọ́n máa ń gbé kẹ̀kẹ́ tí kì í rìn wá sínú yàrá, ẹni náà á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ tí ibà ò bá sí. Tí ibà bá wà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kó dúró, kó pe àwọn dókítà ẹ̀. Nígbà tó bá wá délé, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé ibo lo dé dúró tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, àtẹ̀gùn ẹ̀ẹ̀mejì, "háà", ó jókòó. Ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta.